Òkúta Tí Ẹja Rẹ Lè Bá Gbé

Démiládé ọmọ mi,

Ibojì ìyá rẹ kò sí mọ́. Òkun ti gbé e lọ láti ìgbà òjò tó kọjá, mo mọ̀, n kò sì sọ fún ọ. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ bí bàbá ṣe ń kí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, ìkíni náà ni màá fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ títí ìwé yóò fi tán.

Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Báwo ni ara rẹ? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ọlọ́run tó ń mú ọkọ̀ gúnlẹ̀ nínú ìjì kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí o wà. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Moríkẹ́ àbúrò ìyá rẹ kí ọ, ó ń yan ẹja rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ilé wa ṣì dúró, ṣùgbọ́n tí omi bá kún, a máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ pákó ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ fóònù máa ń tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ sínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibojì ìyàwó mi wà níbi tí àjèjì yóò ti máa gbọ́ ọ. Àwáwí ni èyí náà, mo mọ̀. Nígbà tí o pè, tí o ní kí n ṣa òkúta díẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì Màmá, kí o lè kó o sínú àpótí gíláàsì tí o ń sin ẹja sí ní pálọ̀, ẹnu mi ló sáré dá ọ lóhùn pé ó dáa. Lẹ́yìn náà mo ní òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn náà mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Mo rò ó títí. Ìwọ tó ń gbé Abẹ́òkúta, tí òkúta yí ilé àti ọ̀nà ká, lo ń ránṣẹ́ òkúta sí àwa tí a ń gbé lórí ẹrẹ̀ àti yanrìn, níbi tó jẹ́ pé ọmọdé lè dàgbà láìfẹsẹ̀ kọ òkúta rí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òkúta lo ń wá.

Ọ̀rọ̀ ẹja yẹn gan-an kò tíì yé mi. Fídíò tí o fi ránṣẹ́, mo wò ó, mo sì gbé fóònù náà dúró ṣánṣán kí omi má baà dà sínú bátìrì. O ní a kì í jẹ wọ́n. O ní ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn nínú omi, mo sì bi Moríkẹ́ bóyá èémí wọn kò já geere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ní òkúta aláwọ̀ mèremère tí o rà lọ́jà ló pa àwọn ti àkọ́kọ́, ohùn rẹ yí padà, ohùn tí o fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ ni. O ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí òkúta tí mo bá rí. Bí ó bá hó, kò dára, yóò ba omi jẹ́ mọ́ wọn lára. Bí kò bá hó, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí n má fi ọṣẹ kàn án.

Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, mo lọ síbi tí itẹ́ òkú wà tẹ́lẹ̀, mo rìn wọ inú omi dé orúnkún. Mo rí ègé sìmẹ́ńtì kan, n kò mọ̀ bóyá ti ìyá rẹ ni tàbí ti ẹlòmíràn, mo kàn sọ fún ara mi pé tirẹ̀ ni. Mo gbé e wálé, mo fún ọsàn sí i. Ó hó. Yanrìn òkun ni wọ́n fi pò ó, ìkarahun kún inú rẹ̀, bóyá ìyẹn ló fà á, ṣùgbọ́n inú bí mi sí ọsàn náà. Hánà ìyá rẹ, tó jẹ́ pé bí a bá kó ẹja wẹ́wẹ́ mọ́ àwọ̀n, òun ló máa ń ní kí a dá wọn padà sómi, òun ni ọsàn wá ń sọ pé yóò pa ẹja? Moríkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Bàbá Démiládé, ẹ ń fún ọsàn sí sìmẹ́ńtì, ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni. Nígbà tí mo sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó jókòó sílẹ̀, a ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Òun ló ní kí n yọ ọ̀kan nínú òkúta tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá fún ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní rárá, òkun ti ń fà á láti ìsàlẹ̀, kí èmi náà má tún bá a fà á.

Ó wá ku ọmọ ọlọ ìyá rẹ. Òkúta dúdú ni, ìyá tó bí i ló rà á fún un láti òkè nígbà tó ń bọ̀ nílé mi. Moríkẹ́ ló ń lò ó. Ata ló ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé ọsàn dé, mo fún un sí i, a dúró. Kò hó. Ó kàn wà bẹ́ẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá bú u. Moríkẹ́ bínú, ó ní ṣé ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ òun lára ẹ̀gbọ́n òun ni n óò gbà fún ẹja. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a sóòrùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ata ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí, òun náà ló jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ibojì yẹn ló ń mú ọ wálé. Bí o bá dé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lo kọ́kọ́ ń lọ jókòó, ìgbà tí o bá ṣe tán lo tó wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo ní bí o bá mọ̀ pé omi ló wà níbẹ̀ báyìí, kí lo tún máa wá ṣe? Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n di ọmọ ọlọ náà mú síhìn-ín, kí n ní kí o wá gbé e fúnra rẹ. Ẹ̀tàn ni. Mo ti tàn ọ́ tó.

Bí Ọlọ́run bá fi nǹkan sí ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ ra ọmọ ọlọ mìíràn fún Moríkẹ́, kí o sì fi owó epo díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mu epo bí ọ̀mùtí. Tún òkúta yìí fọ̀ kí o tó gbé e sínú omi, ata ọ̀pọ̀ ọdún ló wà lára rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ata máa ń ta ẹja lójú.

Ohun tí o bá ń sìn kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Omi kò ní gba tìrẹ. Ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ, ìbáà jẹ́ èmi nìkan lo máa bá níbẹ̀.

Lọ́la, màá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń lọ sí Ìgbókòdá, màá gbé ọmọ ọlọ yìí lé itan mi, màá fi òun àti ìwé yìí lé Godspower lọ́wọ́, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Abẹ́òkúta, màá sì dúró ní gáréèjì títí mọ́tò rẹ̀ yóò fi lọ, kí n má baà gbà á padà.

Bàbá rẹ,
Pọ́ọ̀lù