Ìbọn Yín Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi ni mo tú àṣírí yín, kì í ṣe Mẹ́nsà. Títí ẹ fi kú, ẹ kò dá a lóhùn mọ́, ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ, nítorí ẹ rò pé òun ló júwe yàrá yín fún àwọn olè. Mo mọ̀ pé òun kọ́, mo sì dákẹ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé ìbọn yín láti Akparé wá sí ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Atakpamé? Ẹ fi aṣọ wé e bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ tuntun. Èmi ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ wá forúkọ sílẹ̀. Kí n tó kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ tán, ẹ bi mí léèrè:

"Ta ni yóò máa ka ìwé yìí?"

Mo ní kò sẹ́ni, àfi ìjọba. Ẹ kàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè, bí ìṣe yín nígbà tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí sódábì ní Agbonou, tí mo ń fọ́nnu pé nínú gbogbo orúkọ tó wà níwèé wa, bàbá mi nìkan ló ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Wọ́n béèrè ibi tí ẹ ń gbé e kọ́ sí. Mo sọ. Nígbà tí ẹ wà lóko, àwọn olè já ilẹ̀kùn, ìbọn nìkan ni wọ́n mú.

Nígbà tó yá, ọlọ́pàá rí i gbà padà. Nọ́ńbà inú ìwé la fi mọ̀ pé tiyín ni. Mo buwọ́ lùwé gbà á, ṣùgbọ́n n kò gbé e wálé fún yín, abẹ́ ibùsùn mi ni mo fi í pamọ́ sí. Bí mo bá gbé e dé, ṣé ẹ kò ní bi mí bí olè ṣe mọ̀? Ọjọ́ ìsìnkú yín, tó yẹ kí wọ́n yin ìbọn ọdẹ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ wọlẹ̀, Mẹ́nsà ló sáré lọ gbé tirẹ̀ wá. Mo dúró, mo ń wò ó.

Wọ́n tún ti ní kí gbogbo oníbọn wá forúkọ sílẹ̀ o, inú kọ̀ǹpútà ni ti báyìí. Mo lọ fi orúkọ yín sílẹ̀, mo sì bi ọmọbìnrin tó wà nídìí rẹ̀ ní ìbéèrè yín, pé ta ni yóò máa kà á.

"Bàbá, eṣinṣin gan-an ò lè rí i. A ti tì í pa."

Ló bá yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi, pé kí n wò ó bóyá òun kọ orúkọ yín dáadáa. Mo ka orúkọ àwọn mìíràn tó wà lókè tiyín, pẹ̀lú abúlé wọn!

"Ọmọ mi, tètè yí i padà. Ẹnu mi ò dáa."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Ó ní òkú kò lè ní ìbọn, kí àrólé yín wá tẹ̀ka fúnra rẹ̀. Kọ́sí àbúrò mi lẹ fẹ́ kó jogún rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú. Bí iná bá lọ, níbo ni orúkọ wa ń sùn? Ṣé Lomé ni? Ta ló jókòó tì í níbẹ̀, kí ló sì ń mu ní ìrọ̀lẹ́? Bí kò bá sì sí ìwé, báwo ni à bá ṣe dá ìbọn yín mọ̀? Kí lẹ rí lójú mi lọ́jọ́ náà tí ẹ fi béèrè?

Lánàá, mo fi aṣọ wé e, mo gun alùpùpù lọ sí Akparé. Mo ní kí Kọ́sí pe Mẹ́nsà wá. Ojú Mẹ́nsà kò ríran mọ́. Mo jẹ́wọ́ níwájú àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jẹ́ kí Bàbá bá a yodì wọnú ilẹ̀?"

Kọ́sí ló béèrè bẹ́ẹ̀. Mo tú aṣọ kúrò lára ìbọn náà. Mẹ́nsà na ọwọ́. Ó fọwọ́ pa ìbọn náà títí ó fi kan ibi tí igi ìdí rẹ̀ ti sán, tí wọ́n fi wáyà dì.

"Òun ni. Èmi àti Bàbá la jọ di wáyà yìí."

Ó pẹ́ kó tó gbé e padà fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dìde, mo gbé ìbọn yín lé Kọ́sí lọ́wọ́.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí.