Ohun Tí Bàbá Kọ́má Ń Kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu

Iṣẹ́ ńlá ti dé. "Afárá Ọmọ Òrukàn"! Ìwé tí gbogbo wa kà nílé ẹ̀kọ́, tí ẹni tí kò kà á pàápàá máa ń purọ́ pé òun kà á. Òǹkọ̀wé ti kú kí wọ́n tó bí mi. Màdáámù, ọ̀gá wa nílé ìtẹ̀wé, ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ gan-an la fẹ́ tún tẹ̀, bó ṣe jáde lọ́wọ́ Òǹkọ̀wé, kí àwọn oníléèwé tó gé e kúrú fún àwọn ọmọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù. Ọwọ́ ìdílé Òǹkọ̀wé la ti yá a. Bó bá sọnù, a gbé.

Èmi àti Bàbá Kọ́má ni wọ́n gbé e fún. Òun á máa ka ti àtijọ́ sókè, èmi á máa fojú bá a lọ lórí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ibi tí kò bá ti bára mu, mo fi bírò pupa tún un ṣe. Gbogbo àmì ló ń kà: "Ó dìde kọ́má ó wo odò kọ́má kò sọ̀rọ̀ dúró." Ìdí tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Kò mọ̀ o! Orí tí a bá parí, kíá ni wọ́n ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ nísàlẹ̀.

Ìwé náà kò kúrò lábẹ́ apá rẹ̀ látàárọ̀. Mo ní kí n fojú kàn án lásán. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ó ti gbó. Ṣé ọwọ́ tèmi ni yóò wá fà á ya ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdu

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo rẹ́rìn-ín, mo juwọ́. Ó kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Kí ni mo ṣe fún un?

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdu

Nǹkan kan ń rùn. Orí kẹta pupa látòkè délẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe àṣìṣe tó báyìí. Ibi tí tuntun ti ní ìyá ọmọ náà bú sẹ́kún, Bàbá Kọ́má ní ó mí kanlẹ̀. Odidi ojú ewé kan wà tí ìyá náà ti ń ṣépè lé ọkọ rẹ̀ tó já wọn sílẹ̀. Èpè tó le! Bàbá Kọ́má kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ó fò ó. Èmi náà fa ìlà pupa gba gbogbo rẹ̀ kọjá.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó. Ẹni tó ń tẹ ìwé lè gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó lè kọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kó jókòó kó dá odidi èpè kọ?

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní èmi tí mo lè fura sí òjìji ara mi. Mo ní páńsá ò fura, páńsá jáná. Ó ní kí n bá òun gbé oúnjẹ wá kí páńsá tó jóná tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdu

Bàbá Kọ́má lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò gbé ìwé náà dání! Mo fò mọ́ ọn, mo ṣí orí kẹta. Èpè náà wà níbẹ̀ gbáko. "Bú sẹ́kún" wà níbẹ̀. Tuntun ló tọ̀nà. Bàbá Kọ́má ló ń yọ ọ̀rọ̀ Òǹkọ̀wé kúrò — ọwọ́ mi ló sì fi ń yọ ọ́!

Mo dá ìwé padà sórí tábìlì. Nígbà tó wọlé, ó fọwọ́ tọ etí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kan ìwé, ó béèrè ẹni tó sún un. Mo ní èmi kọ́. Kò ju ìka méjì lọ tí mo sún un. Kí ló ń ṣọ́ tó báyìí?

Wọ́n wá gba orí kẹta láti ìsàlẹ̀, mo ní a ò tíì parí ẹ̀. Mi ò pa ìlà pupa kankan rẹ́. Ẹ̀rí ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdu

Ta ló rán an? Mo ti fura sí gbogbo èèyàn tán, ó ku ọkọ mi. Òun náà, oorun tó ń sùn yìí ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ Ajé, 10 Òkúdu

Òjò ńlá lọ́sàn-án, a ti fèrèsé, iná lọ. Yàrá ṣú biribiri, mi ò rí bírò tó wà lọ́wọ́ mi. Bàbá Kọ́má kò dúró! "Kọ́má," ó ń lọ, "dúró," ó ń lọ. Ó ka bí ìlà mẹ́rin kí n tó pariwo pé Bàbá, iná ti lọ o. Ó ní òun mọ̀, òun fẹ́ parí ọ̀rọ̀ tó wà lójú òun ni.

Ojú wo? Ó yé mi wàyí. Ẹ̀dà tí wọ́n gé fún ilé ẹ̀kọ́ ló há sórí láti kékeré, òun ló jókòó tó ń kà jáde fún mi. Kò tilẹ̀ wo ìwé. Ìgbéraga! Ó rò pé òun mọ ìwé náà ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdu

Mo ti lọ sọ fún Màdáámù. Gbogbo ẹ̀. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní òun náà ti ń ṣàkíyèsí pé Bàbá kì í fọwọ́ síwèé ìwọlé mọ́ láàárọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló ń bá a fọwọ́ sí i. Lọ́la, òun á mú ìwé ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan wá tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà rí, òun fúnra òun á sì jókòó tì wá. Bí Bàbá ò bá kà á bó ṣe wà, kó máa lọ ilé rẹ̀.

Inú mi dùn. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gan-an.

Ọjọ́rú, 12 Òkúdu

Màdáámù jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìwé ló kọjú sí Màdáámù. Èmi mú ẹ̀dà kejì. Ó ní kí Bàbá bá wa ka ojú ewé àkọ́kọ́.

Bàbá Kọ́má ṣí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ewé náà, ó wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀. "Nígbà tí obìnrin náà délé kọ́má kò bá ẹnì kankan kọ́má àfi bàtà ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà dúró." Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

Awakọ̀ kan tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù ló wà nínú tèmi. Kò sí obìnrin níbẹ̀, kò sí bàtà. Mo na ọrùn wo ewé tó ṣí sílẹ̀. Funfun ni. Ewé òfìfo tó máa ń ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń kà á.

Ẹnu géètì. Etí tábìlì. Ọlọ́run mi. Bàbá yìí ò ríran mọ́.

Màdáámù kọjú sí mi. Ó béèrè bóyá ó bára mu. Bàbá Kọ́má yíjú sápá ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò.

Mo ní ó bára mu.

Ó ní gbogbo ẹ̀? Mo ní gbogbo ẹ̀, Mà, kọ́má kan ò yẹ̀.

Màdáámù wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní èmi náà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ wá fẹjọ́ sun àgbà lánàá. Ó bẹ Bàbá kó má bínú. Ó ní tó bá jẹ́ báyìí ló ń kàwé, a jẹ́ pé ohun tó kà nínú "Afárá" náà tọ̀nà nìyẹn. Ó kó orí kẹta lórí tábìlì mi, tòun tìlà pupa, ó gbé e lọ sísàlẹ̀. Mo la ẹnu. Kí ni n óò sọ tí kò ní tú àṣírí Bàbá?

Ó ku èmi àti òun. Ó béèrè bóyá èmi ni mo lọ sọ fún Màdáámù. Mo ní èmi ni, Bàbá. Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó ní kí ló tiẹ̀ wà nínú ìwé ọmọ náà gan-an? Mo ka ti awakọ̀ náà fún un, tòun ti kọ́má. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tèmi dáa jù ú lọ." Ó dáa jù ú lọ lóòótọ́.

Mo wá ṣí "Afárá". Mo ka èpè ìyá náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ó di orí mú. Ó ní látọjọ́ yìí ni òun ti ń bi ara òun pé irú obìnrin wo ni yóò kàn mí kanlẹ̀ lásán sí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣebí mo ti dá a padà síbi tó wà.

Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀. Kò sì sóhun tó ṣe etí Bàbá Kọ́má.