Kán-ún Tó Kù Nínú Agolo

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ni. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé, Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Orí àga ìyá rẹ̀ ló jókòó sí, nínú yàrá wa ní Pápá Àjàó. Èmi ò jókòó. Láti ọdún méjì tí ìyá wọn ti kú, àga kankan kò gbà mí mọ́. Bí mo bá jókòó, màá dìde lọ sí ẹnu géètì. Bí mo bá dé ẹnu géètì, màá rìn dé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, n kò ní mọ ohun tí mo wá lọ síbẹ̀, màá sì pa dà. Ẹ̀wà wà lórí iná. Bí mo bá dákẹ́ lójijì, ẹ mọ̀ pé mo lọ wò ó ni.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ nìyí. Wálé, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kí n tún wá bá òun rìnrìn àjò. Ó ní kí n fún òun lésì lónìí, kí òun lè mọ ohun tí òun máa sọ níbi iṣẹ́.

Nígbà tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kan tó ní ilé nínú ló fi wá gbé mi. Mi ò parọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, ibi ìdáná wà nínú ẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ara ọkọ̀ tó tẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi ń nà. Kí n tó wọlé, mo fi ìka kan ara ọkọ̀ náà yí ká, mo sì sọ fún Wálé pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn ti kọ lu nǹkan rí, pọ́tì ni wọ́n fi bò ó.

Ó ní, “Bàbá, a yá a ni, a ò rà á.”

Mo ní kó ṣáà mọ̀.

Ó wà á wọ inú aṣálẹ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ méjì so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ilẹ̀ pupa, òkúta, kò sí igi kan tí ẹyẹ lè bà lé. Ìgbà tó yá ni mo ṣàdédé rí omi. Omi ńlá, láàárín ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè rò pé omi yóò wà. Kò sí ẹni tó ń fọṣọ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pẹja. Àwọn ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ yí omi náà ká. Àwọn mìíràn mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, wọ́n ń gun orí àpáta, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀. Mo bi Wálé pé kí ni wọ́n ń wá.

“Wọn ò wá nǹkan kan, Bàbá.”

“Wọ́n kàn ń rìn ni?”

“Wọ́n kàn ń rìn ni.”

Mo rò ó lọ́kàn mi pé tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ì bá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi gbé yín. Ẹ̀yin rìn torí kán-ún. Àwọn yìí ń rìn torí ìrìn.

Mo gun kẹ̀kẹ́, Bàbá. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń sáré tẹ̀ lé mi, tí ẹ di ìjókòó mú lẹ́yìn? Wálé di tèmi mú bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní òun ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́.

Etí omi yẹn funfun báláú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi èékánná ha díẹ̀, mo fi sẹ́nu. Wálé kígbe mọ́ mi pé, “Bàbá, ẹ tutọ́ ẹ̀ dànù, a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.” Mo ní èmi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó ta mí lẹ́nu bíi kán-ún, àmọ́ ó korò ju tiyín lọ. Inú run mí dọ́jọ́ kejì. Mi ò sọ fún un.

Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń sọ fún wa pé omi kan wà lókè Ọya, tí èèyàn bá ti kọjá Màìdúgùrì, pé inú yanrìn ló wà, pé etí rẹ̀ funfun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa kán-ún tí ẹ ń tà, mo rò pé ẹ ń fi dá àwọn oníbàárà yín lára yá ni. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ lójú yín rí. Ṣùgbọ́n mi ò béèrè nǹkan kan rí nípa rẹ̀. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn?

Mo lọ wo ẹ̀wà. Ó kù díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Wálé ní kí a fi ẹsẹ̀ yí omi náà po, pé òdìkejì ló dára jù. Ó wà níwájú, mo wà lẹ́yìn. Bí mo ṣe wolẹ̀, mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí nǹkan funfun yẹn, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, wọ́n ń lọ. Ara mi kọ̀ ọ́. Mo dúró. Mo sọ fún ọmọ mi pé ìranù ni gbogbo èyí, pé ọ̀lẹ ló ń rìn káàkiri láìní ohun tó ń wá, kó gbé mi lọ sílé. Ó bi mí bóyá orúnkún ló ń dùn mí. Mo ní kó má bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù nínú ìsinmi tó gbà. Ó yí ọkọ̀ pa dà.

Bọ́sẹ̀, má gbé ojú sókè. Máa kọ ọ́.

Bàbá, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ sókè Ọya kẹ́yìn. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti dípẹtà, mo ń fi irin lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé àpò kọ́ èjìká wá sí ibi iṣẹ́ mi, ẹ ní, “Ọmọ mi, ṣé o máa bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan yìí, kí o lè rí omi náà?” Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò jáde. Ẹsẹ̀ yín nìkan ni mo rí, nínú bàtà táyà yẹn tí ẹ fi òwú búlúù rán okùn rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò kúrò níbẹ̀. Mo wá ń fi òòlù gbá irin tí kò nílò kí n gbá a, kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ mi dí. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ ti lọ.

Kí ni ẹ ń dúró gbọ́? Ṣé àìsàn ti wà lára yín? Ṣé ẹrù ni ẹ fẹ́ kí n bá yín gbé, àbí ẹ kàn fẹ́ kí a jọ rìn ni?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tí ẹ jọ lọ gbé irun yín àti èékánná yín dé nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àpò kán-ún kan. A sin irun àti èékánná sí ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin fúnra yín, wọ́n sin yín sétí omi òkè Ọya yẹn, n kò mọ apá ibo.

A ta kán-ún náà. Ìyàwó mi fi odidi kan pamọ́ sínú agolo mílíìkì láìsọ fún mi. Lọ́jọọdún, ní ọjọ́ tí ẹ kú, yóò fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ sínú ẹ̀wà. Mo máa ń sọ fún un pé kán-ún pọ̀ lọ́jà. Yóò máa ha á lọ. Nígbà tí òun náà lọ, ohun tó kù kò ju àtàǹpàkò lọ. A ò fọwọ́ kan agolo náà mọ́ títí di òní. Láàárọ̀ yìí, mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò.

Bọ́sẹ̀ ní, “Bàbá, gbogbo ẹ̀? Ẹ̀wà náà á bàjẹ́ o.”

Mo ní kó bàjẹ́.

Mo ti jẹ ẹ́ báyìí. Ó ti yọ̀, kán-ún ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, Bọ́sẹ̀ ò lè jẹ ju ṣíbí méjì lọ. Mo jẹ àwo méjì lórí ìdúró. Kò sí nǹkan kan nínú agolo mọ́, kò sì sí ọkọ̀ kankan tí mo wà lábẹ́ rẹ̀.

Fóònù ń dún. Wálé ni. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò jẹ́ kó rí ojú mi, ohùn nìkan ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti ní kí Bọ́sẹ̀ tan èyí tó ń fi ojú hàn. Màá sọ fún un pé mo ń bọ̀, pé ibi omi ọjọ́sí náà ni kó tún mú mi lọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín tí mo rí láti abẹ́ ọkọ̀, ó di òdìkejì omi náà, níbi tí a ò dé, kí n tó sọ ọ́ fún un.

Bọ́sẹ̀, ó tó. Gbé e wá.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó jáde lábẹ́ ọkọ̀.