Wọ́n Ní Kí N Máa Júwe Yàrá Ìyàwó

Yàrá mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí òjò dá.

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo lérò pé ara rẹ le bí mo ṣe fẹ́ kó le, pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìlú tuntun yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé ìyá rẹ tí o lọ tọ́jú ti ń rìn láìmú ọ̀pá. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkàn lo ń béèrè, jókòó dáadáa kí o tó ka ìyókù, nítorí mò ń jowú, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lẹ́tà ni mo sì kọ, mi ò pè, torí lórí fóònù o máa ń mú mi rẹ́rìn-ín kí n tó bínú tán.

O rántí pé nígbà tí o fẹ́ kúrò lọ́fíìsì wa, Ọ̀gá ṣèlérí pé àwọn á wá ẹni tí yóò jókòó sórí àga rẹ. Wọ́n ti rí i. Ọmọbìnrin kan ni, kò tíì pẹ́ tó jáde nílé ìwé, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tó dé, o kàn ní, “Ṣé ó mọṣẹ́?” lo bá yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyàwó ni mo sọ ọ́ nínú ikùn mi, torí bó ṣe dé báyìí ni gbogbo ilé ń yọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀gá tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn kó tó mu tíì, òun náà ló ń ké láti ẹnu ọ̀nà pé, “O káàárọ̀ o, ọmọ dáadáa!” Aṣọ́gbà ń bá a gbé báàgì. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ látìgbà tí ẹ̀rọ amúlétutù yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, ta ló bá mi gbé báàgì rí?

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni búrẹ́dì. Tí ọ̀sán bá ti pọ́n, á fi bọ́tà pa búrẹ́dì, á gbé e sínú àwo kékeré kan, á rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, á ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan sẹ́nu.” Èmi á ní mo ti yó. Irọ́ ni, ebi á máa pa mí kú lọ. Ṣùgbọ́n mo ní mo mọ ohun tí wọ́n ń fi irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ wá. Ojú ayé! Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Aṣọ́gbà ló ń jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti sanra sí i.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gan-an rèé. O mọ áàpù wa, èyí tí èmi àti ìwọ kọ fún ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Aláboyún á tẹ àdírẹ́sì wa sórí fóònù rẹ̀, á sì rí ọjọ́ tó yẹ kó wá rí dókítà. Ìwọ lo kọ inú, èmi ni mo kọ ojú, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wa lórí àwọ̀ bọ́tìnnì. Orí sáfà wa àtijọ́ yẹn náà ló ṣì wà, ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé áàpù jáde sórí fóònù gbogbo ènìyàn, nínú yàrá tútù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ké bí ewúrẹ́. Wọ́n ti kọ àdírẹ́sì wa sára ògiri ilé ìwòsàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn káàdì, kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n lórí. Àfi bí Ìyàwó ṣe kọ áàpù tuntun. Ọ̀gá ní ó yá ju tiwa lọ. Ó yá jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló bi í?

Ọ̀gá wá pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ní àdírẹ́sì kò ní yí padà, torí àwọn ìyá ti mọ̀ ọ́n. Orí sáfà kan náà ni a ó gbé áàpù Ìyàwó sí, ṣùgbọ́n yóò ní yàrá tirẹ̀ lábẹ́ àdírẹ́sì wa, a ó sì máa pe yàrá náà ní “tuntun”. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àdírẹ́sì wa bíi ti tẹ́lẹ̀, kí sáfà darí rẹ̀ síbẹ̀ wéré, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n darí òun. Ó ní, “Ìwọ ni kí o kọ òfin ìdarí yẹn o. Ìwọ lo mọ ilé yẹn jù.” Ìkejì mi, ṣé o gbọ́? Ìyálé ni kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa júwe yàrá ìyàwó fún àlejò! Mo ní kò burú, sà.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé áàpù wa kúrò lójú ọ̀nà. Ìbínú kò jẹ́ kí n rántí pé tí ojú ọ̀nà bá ṣófo, sáfà yẹn á gbé ojúewé tara rẹ̀ jáde, èyí tó ní àwòrán ológbò. Kò pẹ́ sígbà náà ni Nọ́ọ̀sì Àgbà pè wá láti ilé ìwòsàn. “Ẹ̀yin ará ibí yìí, a ní ká wo ọjọ́ àwọn aláboyún, ológbò ló ń wò wá! Ṣé ológbò ló fẹ́ wá gbẹ̀bí ni?” Ká sòótọ́, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn díẹ̀. Mo ní ilé tí a bá lé onílé kúrò níbẹ̀, ẹranko ní ń gbà á.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí Ọ̀gá fi já wọlé. Ni mo bá yára kọ òfin náà pé gbogbo ohun tó bá ti wá sí àdírẹ́sì wa, kí wọ́n darí rẹ̀ sí “tuntun”. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo kọ, mi ò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwọ ti ń di ẹnu mú báyìí. Àbí “tuntun” fúnra rẹ̀, ṣebí abẹ́ àdírẹ́sì wa náà ló wà? Bí àlejò bá ti dé “tuntun”, òfin mi á tún gbá a mú, á ní kó lọ sí “tuntun”. Á lọ, á tún gbá a mú. Fóònù àwọn ènìyàn yí títí ó fi sú u, ó kọ ọ́ síta pé wọ́n ti darí òun jù. Àwọn aláboyún jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò mọ̀ bóyá òní ni ọjọ́ wọn tàbí ọ̀la, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì ń pariwo létí mi.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo nàka sí Ìyàwó níwájú Ọ̀gá. Mo ní, “Áàpù rẹ̀ ni kò dáa. Tiwa kò ṣe báyìí rí.” Ọmọ náà kò bá mi fà á. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ka òfin mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ yàrá tuntun sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ẹni tó ti wọlé, a kì í tún júwe ilé fún un mọ́.” Ó fi ìlà kan kún un, ó pa sáfà, ó sì tún tàn án.

Bí sáfà ṣe ń jí bọ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ojú kọ̀ǹpútà, ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ má wò ó, ojú ń tì í.”

Háà! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé yìí bí kò ṣe ìwọ? Gbogbo ọdún tí a fi jókòó ti ara wa, sáfà yẹn kò jí rí kí o má fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kí o má ní kí n má wò ó, ojú ń tì í. Mo máa ń sọ fún ọ pé orí rẹ ti yí. Lẹ́yìn tí o lọ, mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀, mi ò ṣe é mọ́. Àfi kí ẹlòmíì wá máa ṣe é lójú mi kòrókòró, lórí àga rẹ.

Àwọn aláboyún rí ọjọ́ wọn, Nọ́ọ̀sì Àgbà dúpẹ́, Ọ̀gá lọ mu tíì rẹ̀. Mo wá bi ọmọ náà pé ta ló kọ́ ọ ní èyí tó ṣe yẹn. Ó wolẹ̀. Ó ní, “Àǹtí tó ń jókòó síbí tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo Sátidé la jọ máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ látìgbà tí mo ti dé.” Gbogbo Sátidé! Ìwọ tí mo máa ń pè ní Sátidé, tí wọ́n á ní o ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tí mo sì máa ń ṣàdúrà nídìí fóònù pé kó má jẹ́ dókítà ìyá rẹ! Owú tí mo ń jẹ nítorí áàpù tẹ́lẹ̀, eré ọmọdé ni. Èyí tó dé yìí gan-an ló ń jẹ́ owú. Àwọn àgbà ní ọ̀rẹ́ kò gbẹlẹ́ta, ẹlẹ́ni méjì lọ̀rẹ́ ń gbà. Ìwọ wá lọ gbé àga kẹta wọlé láìsọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò tíì tán. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa jowú, àti pé tí ẹ bá ti ń jowú, ẹ kì í jẹun. Wọ́n ní kí n ṣáà máa rí i pé ẹ fi nǹkan sẹ́nu lọ́sàn-án.” Ṣé ìwọ lo ń fi búrẹ́dì yẹn ránṣẹ́ látọjọ́ yìí, tí mo jẹ́ kí aṣọ́gbà máa fi sanra? Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Wá wo àyà mi lónìí, egungun lásán ni.

Nígbà tí fóònù mi dún lánàá tí orúkọ rẹ yọ, mi ò gbé e. Mo ní kí o lọ pe ẹni tí o máa ń pè. Lẹ́yìn náà mo jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú, bóyá o máa tún pè. O kò pè mọ́. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.

Ó yé mi, èmi kì í ṣe òpònú. O kò fẹ́ kí n máa dá sáfà yẹn gbé, o sì fẹ́ kí ẹnì kan máa ṣọ́ mi níbi tí ọwọ́ rẹ kò lè dé mọ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o bi mí. O kọ òfin ìdarí lé èmi náà lórí: bí mo bá wá ọ lọ, ọ̀dọ̀ Ìyàwó ni kí n já sí. Ìwọ ni mo tẹ̀, ẹlòmíì ló ń dáhùn. Mi ò fẹ́ ẹni tó yá jù ọ́ lọ. Ìwọ ni mo fẹ́, pẹ̀lú orí rẹ tó yí.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Ọ̀gá. O mọ̀ pé oríṣi ìdarí méjì ló wà. Èkíní á sọ fún fóònù àlejò pé, “Wọ́n ti kó kúrò níbí títí láé, má wulẹ̀ béèrè wọn níbí mọ́.” Fóònù á fi sórí, kò sì ní yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Èkejì á ní, “Gba ọ̀hún lọ ná, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí o bá ń bọ̀, kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa.” Títí láé ni Ọ̀gá ní kí n fi sí i. Ti ìgbà díẹ̀ ni mo fi sí i. Ojoojúmọ́ ni gbogbo àwọn ìyá yẹn ń kan ilẹ̀kùn wa kí wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ Ìyàwó, wọn kò sì mọ̀. Ìyàwó rí i, ó wò mí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ti ìgbà díẹ̀ náà ni mo fi sí tìrẹ. Bí mo bá tún tẹ nọ́ńbà rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni kí o gbé e.

Kí ara ìyá rẹ máa le sí i, kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà ọ́, kí ọ̀nà tó gbé ọ lọ má gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbéni padà. A kò ní fi ẹkún rí ara wa. Àmín.

Èmi ni,
Ìkejì rẹ, tó ń jowú, tí kò sì tijú rẹ̀.

Mo tún rántí: mo jẹ búrẹ́dì ọjọ́ Ẹtì yẹn kí a tó pa ọ́fíìsì dé. Ìdajì ni mo jẹ, mo fi ìdajì sílẹ̀ fún aṣọ́gbà kó má bàa fura. Má sọ fún Ìyàwó o. Bó o bá ń bá a sọ̀rọ̀ ní Sátidé, sọ fún un pé bọ́tà yẹn ti pọ̀ jù.