Awọ Sẹ́ẹ̀lì àti Ògiri Búlọ́ọ̀kù Mi

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kìíní, 2004. Ìkòròdú.

Ọyẹ́ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí, torí ẹni tó ti kọ́ni ní Bayọ́lọ́jì fún ọdún méjìlélógún gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ọmọ SS3 ń pè mí ní Búlọ́ọ̀kù. Wọ́n rò pé n ò gbọ́. Kò dùn mí rárá, orúkọ iyì ni. Èmi ni mo máa ń ya awọ sẹ́ẹ̀lì sójú pátákó bí ògiri búlọ́ọ̀kù, ìlà lórí ìlà. Sẹ́ẹ̀lì ni yàrá kékeré tí ara gbogbo ẹlẹ́mìí pín sí. Awọ rẹ̀ ló yí i ká. Gbogbo kíláàsì á wá kà á tẹ̀lé mi: "Awọ sẹ́ẹ̀lì, ògiri ni. Ó le. Kì í mì." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọmọ tó bá gba ọwọ́ mi kọjá, téèyàn bá jí i lójú oorun, á kà á.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kìíní.

Kọ́pà dé pẹ̀lú ìgò méjì. (Dùnsìn lorúkọ rẹ̀ – ọmọbìnrin agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ràn mí lọ́wọ́. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.) Epo pupa wà nínú ìgò kan, òróró wà nínú ìkejì. Ọyẹ́ ti mú epo dì gbagidi, òróró ń ṣàn. Ó ní, "Sà, ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì, ìpele méjì. Ara ń kó irú ọ̀rá tó dà bí òróró yìí sínú rẹ̀ kó má baà dì. Àwọn pùrótéènì wá ń léfòó káàkiri nínú ẹ̀. Kì í ṣe ògiri, sà."

Lójú gbogbo tíṣà ẹgbẹ́ mi! Mo ní kó gbé òróró rẹ̀ lọ din dòdò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo borí.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kìíní.

Mo máàkì mọ́ọ̀kì, ìdánwò tí àwọn ọmọ ń ṣe nílé ìwé ṣáájú WAEC. Ìbéèrè kẹrin, máàkì márùn-ún: ṣàlàyé bí awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe rí. Ogójì ọmọ ya ògiri mi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yapa. Moyọ̀sọ́rẹ – Ọmọ Odò ni mo ń pè é nínú ọkàn mi. Ìlàjẹ ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n ń gbé, Matthias bàbá rẹ̀ ń pẹja. Ohun tó kọ rè é: "Awọ sẹ́ẹ̀lì dà bí ojú ọ̀sà wa. Ọ̀rá ni omi ibẹ̀. Àwọn pùrótéènì ń léfòó níbẹ̀ bíi gbéborùn. Ibi téèyàn bá rí i láàárọ̀ kọ́ ló máa bá a nírọ̀lẹ́."

Gbéborùn! Koríko ojú omi tó ń dí ọkọ̀ lọ́nà! Mo fura sí Kọ́pà. Mo fún ọmọ náà ní òdo, mo fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Bayọ́lọ́jì ni mo bi ọ́, n ò bi ọ́ ní ìtàn odò.

Gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógójì. Ogójì la fi ń yege. Òfin ilé ìwé wa sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú mọ́ọ̀kì, a ò ní forúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún WAEC. Ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n òfin lòfin.

Ẹtì, 30 Oṣù Kìíní.

Matthias wá. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ṣí fìlà. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò. Òun nìkan ló ń kàwé nílé wa." Mo ní ìwé kì í parọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó mà dúpẹ́ o.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì. Ẹ̀pẹ́.

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún àwa tíṣà sáyẹ́ǹsì. Mo jókòó síwájú bó ṣe yẹ mí. Obìnrin kan láti yunifásítì gbé àwòrán awọ sẹ́ẹ̀lì síwájú wa: ọ̀rá ìpele méjì, orí wọn tó fẹ́ràn omi kọjú síta, ìrù wọn tó kórìíra omi fara pamọ́ sáàárín, pùrótéènì ń kiri inú rẹ̀. Mo nawọ́. Mo dìde. Mo ṣàlàyé ògiri búlọ́ọ̀kù mi fún gbogbo wọn, ohùn mi sì ròkè dáadáa.

Obìnrin náà wá fi sùúrù dá mi lóhùn: "Bàbá, sẹ́ẹ̀lì ewéko ló ní ògiri, ẹ̀yìn awọ ló wà. Awọ fúnra rẹ̀ ń ṣàn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá! Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta péré ni mí. Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i.

Lọ́sàn-án mo sá lọ sétí omi lọ́jà ẹja. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, gbéborùn bo ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí pátápátá. Lọ́sàn-án, omi ti mọ́ lóló. Gbogbo rẹ̀ ti wà lódìkejì. Mo bi ìyá ẹlẹ́ja kan pé ta ló kó o. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló fẹ́ kó o? Ṣé ó máa ń dúró lójú kan ni?"

Mo ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ láìná an.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejì.

Ọ̀rọ̀ dé. Bí mo bá tún ìbéèrè kẹrin máàkì bó ṣe yẹ, Ọmọ Odò á gba márùn-ún, á yege. Ṣùgbọ́n ogójì tó kù á pàdánù márùn-ún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: mẹ́tàdínlógún nínú wọn á fìdí rẹmi. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbà mí gbọ́.

Mo sọ fún Ṣẹ̀rífátù ìyàwó mi, Alága ilé. Ó ní, "Bàbá Afọlábí, ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ ṣì í. Ẹ tún un kọ́ wọn. Ṣé ẹ jalè ni?" Mo ní kò mọ iyì iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀wà tí kò lépo ni mo jẹ lálẹ́.

Ẹtì, 6 Oṣù Kejì.

Ọgbọ́n dé! Mo sọ méjìdínlógójì di ogójì. Mo sọ fún Màdáámù Caroline, ọ̀gá ilé ìwé wa, pé àánú ọmọ náà ló ṣe mí. Ó yìn mí níwájú gbogbo ilé ìwé. Orúkọ Ọmọ Odò ti wọlé. Ẹnì kankan ò pàdánù nǹkan kan, títí kan èmi gan-an alára.

Ọmọ náà wá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó wá ní, "Sà, ohun tí mo kọ yẹn, ṣé n ò gbà á ni?" Ó ń wo ojú mi. Mo ní kó lọ máa kàwé rẹ̀.

Màá sọ fún kíláàsì lọ́jọ́ Ajé pé awọ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ògiri.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejì.

Ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹta.

Eré ìdárayá ilé ìwé. Kò sáyè.

Ẹtì, 26 Oṣù Kẹta.

Kọ́pà parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó ti lọ. Ó fi ìgò méjèèjì sílẹ̀ sórí tábìlì mi. Ooru ti dé, epo pupa náà ti ń ṣàn.

Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kẹrin.

Mo ti kọ nóòtì tuntun, ojú ìwé méjì gbáko. Mo ya ọ̀rá, mo ya pùrótéènì, mo tiẹ̀ fi gbéborùn ṣàpẹẹrẹ. Iṣẹ́ tó dára ni, kí n má purọ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọ̀la.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kẹrin.

Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi láti kàwé. Ta ni kí n wá kọ́ báyìí? Ìbéèrè awọ sẹ́ẹ̀lì sì lè má jáde nínú WAEC.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Karùn-ún.

WAEC, Bayọ́lọ́jì. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò títí wọ́n fi jáde. Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́: "Búlọ́ọ̀kù! Búlọ́ọ̀kù!" Lójú mi báyìí, fún ìgbà àkọ́kọ́. "Sà, ó jáde! Awọ sẹ́ẹ̀lì jáde! Gbogbo wa la ya ògiri yín!" Àwọn ọkùnrin inú wọn gbé mi sókè. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, nítorí n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe lókè níbẹ̀. Ogójì ọmọ.

Moyọ̀sọ́rẹ ló jáde kẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kù ẹyọ kan, mo ń sọ fún ara mi, ó kéré tán ó kù ẹyọ kan. Mo rọra bi í pé, "Gbéborùn lo yà, àbí?"

Ó mi orí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá fún mi.

"Rárá o, sà. Ògiri yín ni mo yà. N ò fẹ́ gba òdo lẹ́ẹ̀kejì."