Bàbá Rẹ Ní Nítorí Àwọn Ni Àyà Mi Ṣe Ń Lù Kìkì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ wa, mo tún kí obìnrin tó ń gbé ní iwájú ilé rẹ, tó bá mi gbé báàgì gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí mo wá kí yín. Ṣé ẹ jí ire? Ṣé ara ọmọ kékeré ti le? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì ti dín ariwo kù? Ọlọ́run tó mọ ilé rẹ láàárín gbogbo ilé tó jọra wọ̀nyẹn á máa tọ́jú rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, ẹni tó wà nínú ilé á ti máa retí rẹ. Àmín.

Àwa náà ń jayé wa níbí. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́, bàbá rẹ gun orí rẹ̀ fúnra wọn, mo ní ká pe ẹni tí eegun rẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n ní ta ló fẹ́ wá bá káfíńtà kan òrùlé ilé rẹ̀. Ológbò bímọ sínú àpò tí mò ń kó àjákù aṣọ sí, mi ò sì lè lé e, torí náà inú ike ìfọṣọ ni àjákù aṣọ ń gbé báyìí. Àga tí bàbá rẹ ń kàn fún ilé ìwé ti parí, ó ku ọ̀dà. Nǹkan ń lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àyà mi. Jókòó ná, má fò sókè, mo ti ń sàn. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn torí mo mọ̀ ọ́, tí o bá ti rí ọ̀rọ̀ àyà láì rí ti sísàn, o ò ní ka lẹ́tà yìí tán, inú mọ́tò la máa bá ọ.

O rántí bí mo ṣe rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ọrùn yìí. Òtútù ń mú mi nígbà tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ojú mi wú, irun mi ń já, oorun á gbé mi lọ lórí maṣíìnì, abẹ́rẹ́ á dúró sínú apá aṣọ oníbàárà. Bàbá rẹ á sọ̀rọ̀, mi ò ní dáhùn. Kì í ṣe ìbínú, ọ̀rọ̀ ló jìnnà sí mi lẹ́nu. Wọn ò mọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ti sú mi ni. Wọn ò fẹnu sọ ọ́, àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fá pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò ní ọsibítù, wọ́n ní ohun kékeré kan wà ní ọrùn èèyàn tí wọ́n ń pè ní tairọ́ọ̀dù, òun ló ń fún gbogbo ara lókun iṣẹ́, tèmi sì ti ya ọ̀lẹ. Ó ká mi lára. Èmi tí mò ń ránṣọ láti kékeré, ta ni ohun ọrùn mi fìwà jọ? Wọ́n wá fún mi ní oògùn kékeré kan tí màá máa lò láràárọ̀ kó máa bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n fi omi nìkan lò ó, kí n dúró díẹ̀ kí n tó jẹun.

Ìwọ náà mọ̀ pé nínú ilé yìí, ẹnikẹ́ni kì í lo oògùn sí ikùn òfìfo. Bí mo ṣe tọ́ yín nìyẹn. Mo wò ó pé ọmọdé ni nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́, bóyá ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. Torí náà mò ń mu tíì mi pẹ̀lú mílíìkì tó ki dáadáa, mò ń jẹ búrẹ́dì, màá wá kó oògùn ọrùn àti oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, tí bàbá rẹ rà fún mi, jù sẹ́nu pa pọ̀, kí ọ̀kan má dá nìkan rìn. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà á ní oògùn kò tíì ràn mí, á fi kún un. Á tún fa ẹ̀jẹ̀, á tún fi kún un. Èmi ò sọ nǹkan kan nípa búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó bi mí.

Ìgbà tí ìwọ wá lo bá mi nídìí tíì, o pariwo, o ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà omi nìkan ni mo fi ń lò ó, màá wá jókòó máa wo búrẹ́dì bí ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ọ, títí àkókò á fi tó.

Ọmọ mi, ojú mi là! Mò ń ránṣọ, mò ń kọrin, mo fọ gbogbo kọ́tìnì, mo rán aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ àdúgbò tán kí àwọn ìyá wọn tó rántí láti béèrè. Aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi fún mi, mo gbà á wọlé ní ìhà. Mò ń làágùn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́, àyà mi sì ń lù kì kì kì bí ẹni tó sáré ti ọjà dé, bẹ́ẹ̀ orí àga ni mo wà. Mi ò kà á sí. Mo ní àyà mi ń lé iṣẹ́ tó ti pa tì bá ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ jókòó ti bàbá rẹ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Wọ́n fọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù. Wọ́n ní kí ló dé. Kí n tó lanu, mo rí ẹ̀rín tó ń bọ̀ lójú wọn díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì béèrè mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, bàbá rẹ ti fá irùngbọ̀n. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀ lọ fá pákó, wọ́n fín lọ́fínńdà débi tí ológbò fi sín. Wọ́n sọ fún ìyá oníbúrẹ́dì pé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, àyà ìyàwó àwọn ṣì ń lù kìkì nítorí àwọn. Ìyá oníbúrẹ́dì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ wọn láti òkè délẹ̀.

Kí n má parọ́ fún ọ, mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín bàbá rẹ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé àyà mi ń sáré, wọ́n lè gba oògùn náà lọ́wọ́ mi, màá tún padà di obìnrin tó ń sùn lórí maṣíìnì, bàbá rẹ á sì padà sídìí pákó tó ti dán. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí àyà máa sáré lọ.

Ní kọ̀rọ̀ ṣá, mò ń wá ohun tó fà á. Fóònù tí o rà fún mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Inú kọ́mú ni mò ń fi í sí, ó máa ń gbọ̀n tí o bá pè, mo wá rò pé àyà mi ti kọ́ ọ lára rẹ̀. Mo gbé e sínú agolo bisikíìtì, mo dé e, kí àwọn méjèèjì fi ara wọn sílẹ̀ ná. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí mi ò gbé e, má bínú, mò ń gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n nínú agolo, mo sì ń dá ọ lóhùn láti ìta. Síbẹ̀ àyà ò dẹ̀.

Ibi tó wá le sí ni ti aṣọ ọ̀gá ilé ìwé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òwú ò wọ abẹ́rẹ́, mo gbé sísọ́ọ̀sì, ó gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ó gé ọrùn aṣọ náà wọ̀ngbà. Mo dìde, yàrá yí mi po, àyà mi ń lù bí ẹni tó fẹ́ jáde, mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n rò pé ìrísí àwọn ló tún ṣe é. Wọ́n wá wo ojú mi. Ẹ̀rín kúrò. Bàbá rẹ tí kì í torí òjò ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, wọ́n gbé mi sínú mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè àwọn ohun tí ara mi kì í gbà. Mo kọ ọ́ dáadáa, mo kọ ariwo, mo kọ àga onírọ́bà, mo kọ oníbàárà tó bá mú aṣọ wá lónìí tó fẹ́ gbà á lọ́la. Nọ́ọ̀sì kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, mọ́ mi lọ́wọ́, mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, bí a ṣe ń ṣe fóònù náà nìyẹn tó bá ti kú. Mo fara balẹ̀ kó lè wọlé dáadáa. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì pé mo ti kún dé ibo. Ó ní kò sí iná kankan tó ń wọ inú mi, ẹ̀rọ ń gbọ́ àyà mi ni. Ẹ̀rọ náà wá yọ bébà jáde, sígísáàgì ló kún orí rẹ̀. Ìyẹn kò lè rú mi lójú. Mo sọ fún un pé ìrán abẹ́rẹ́ náà dọ́gba, kò fo ibì kankan, àmọ́ ó ti sún mọ́ra jù, kí wọ́n bá mi dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó ní bóyá ohun tí dókítà máa sọ náà nìyẹn.

Dókítà tó ń fi kún oògùn mi náà ló wá, obìnrin ni, kò jù ọ́ lọ. Ó ní oríṣiríṣi nǹkan ló lè mú kí àyà ẹni tó ń lo oògùn yìí máa sáré. Bàbá rẹ bá wúkọ́ díẹ̀, wọ́n tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, wọ́n fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé kó má wulẹ̀ wá a jìnnà, àwọn ni. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣeé ṣe, òun á kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ìyókù. Ó bi mí bóyá mò ń ṣèèṣì lo oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, bóyá mò ń lo oògùn ọ̀fìnkìn, torí àwọn kan nínú wọn máa ń lé àyà, bóyá mò ń mu kọfí púpọ̀, bóyá ibà ń ṣe mí, bóyá ẹ̀jẹ̀ mi kéré, bóyá nǹkan ń bà mí lẹ́rù. Mò ń sọ rárá, rárá, àmọ́ nígbà tó dé orí ẹ̀rù, mo wo bàbá rẹ. Ó wá ní kí n sọ bí mo ṣe ń lo oògùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti búrẹ́dì, mo sọ ti mílíìkì, mo sọ ti oògùn ẹ̀jẹ̀, mo sọ ìlérí tí mo ṣe fún ọ.

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun ń fi kún oògùn, oúnjẹ, mílíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń dì í mú nínú ikùn, díẹ̀ ló ń wọ ara. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òun ń bá ẹni tó ki òwú bọ etí sọ̀rọ̀, òun sì ń gbé ohùn sókè. Ní báyìí mo ti yọ òwú, òun ṣì ń pariwo. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, oògùn náà ló ti pọ̀ jù fún mi, òun á fa ẹ̀jẹ̀ mi wò kó lè dá òun lójú.

Ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gba oògùn náà, mo ní àyà tó ń sáré sàn fún mi ju oorun yẹn lọ, mo ní nígbà tí mò ń sùn, ọkọ mi rò pé mi ò fẹ́ àwọn mọ́. Mo sọ ọ́ síta báyẹn níwájú wọn. Bàbá rẹ wolẹ̀. Dókítà ní òun ò gbà á, òun á dín in kù ni, mi ò sì ní padà sínú oorun. Ó ní kí n má dá a dúró fúnra mi, kí n má fi kún un, kí n má yọ níbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀, kí n sún un sí ọ̀sán. Kí n padà wá kí wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ wò. Tí àyà bá sì ń dùn mí, tàbí tí mo bá dákú, kí wọ́n gbé mi wá lójú ẹsẹ̀, kí n má jókòó máa kọ lẹ́tà.

Oògùn tí wọ́n dín kù yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi dúró, mo fi kọ́là bo ibi tí mo gé lára aṣọ ọ̀gá ilé ìwé, ó ní ó wu òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò sùn lórí maṣíìnì. Àyà mi rọ̀. Ó wá ku bàbá rẹ. Wọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó, wọ́n padà sídìí pákó. Lánàá, mo pa aṣọ tì, mo gbé àga mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n fọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọ́n dẹtí, wọ́n dẹtí, kò sí kìkì kankan. Wọ́n fi ohùn kékeré kan sọ pé oògùn ni nígbà náà. Mo ní oògùn ni. Mo ní oògùn ló mú àyà mi sáré, àmọ́ oògùn kọ́ ló bá mi gbé àga wá síbí. Mo ní àyà mi balẹ̀ báyìí, kò sí ohun tó ń lé mi, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìyẹ̀ pákó kúrò lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n lè kúrò lórí àga wá síbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ti mọ́tò tí màá fi padà lọ fa ẹ̀jẹ̀ àti ti òwú dúdú tó ti tán. Jọ̀ọ́ má fi gba orí fóònù, fóònù ti ń sọ fún mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé inú òun ti kún, kò sí àyè mọ́, mi ò sì fẹ́ kí owó dé kó má ríbi wọ̀. Tó bá di dandan, kọ́kọ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa kó àwọn àwòrán àtàǹpàkò mi kúrò níbẹ̀. Èyí tó wù mí jù ni kí ìwọ fúnra rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á bá ọ tọ́ àwọn ọmọ. Ara rẹ á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò ní ya ọ̀lẹ, kò ní sáré jù. Ọkọ rẹ á máa wá jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ tí àyà rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, tí kò sí ohunkóhun tó ń lé e wá. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ.