Omi Àdúrà Lórí Káàdì Kọ̀ǹpútà

Bàbá, ẹ kú àbọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Omi àdúrà tí ẹ wọ́n sára àwọn káàdì páálí tí mo lu ihò sí fún ìdánwò kọ̀ǹpútà mi ti jẹ́ kí wọ́n wú. Ihò ara wọn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí yóò ṣe ṣírò ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nínú ìdánwò náà. Kì í gba èyí tó tutù, ì báà jẹ́ omi wòlíì.

Mo ti wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, níbi tí ẹ̀rọ tó ń lu ihò náà wà, láti lu òmíràn. Mo ti há gbogbo ohun tó wà lára wọn sórí, n ó yege. Kí Màmá fi àwọn tó wú dáná.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, orí mi ni kí ẹ wọ́n omi sí. Èmi ni mò ń ṣe ìdánwò, kì í ṣe páálí.

Adépéjú